Ṣé kí n bọ tòlótòló kí n tó yan án lódindi fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́?

Ìyàwó Ilé, Maryland:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tòlótòló ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó kù kí ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Thanksgiving pé. Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ènìyàn mẹ́rìnlá ni yóò jókòó yí tábìlì mi ká, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ìbàdàn dé ní oṣù tó kọjá, sì ni àgbà gbogbo wọn.

Tòlótòló tí mo rà wọn pọ́n-ùn 16, ó sì ti dì gbagidi nínú fíríṣà. Èṣí ni mo kọ́kọ́ dán an wò, ojú sì tì mí gan-an. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo gbé e jáde kúrò nínú fíríṣà. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, mo fi ata, kọ́rì, táìmù àti màgí pa á lára, mo sì gbé e sínú ààrò tí mo ti mú gbóná dé ìwọ̀n 425 Fahrenheit, n kò sì dín iná náà kù títí mo fi parí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, awọ rẹ̀ ti dúdú, àyà rẹ̀ gbẹ bí òwú, síbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi fi ọ̀bẹ la oríkèé itan rẹ̀, omi pupa ni ó ń ṣàn jáde. Inú ihò ara rẹ̀ ni a tún ti rí àpò bébà kan tí wọ́n di ọrùn àti ìwe rẹ̀ sí, tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín ni àwọn àlejò jẹ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni a tó gé ẹran náà sí wẹ́wẹ́ tí a sì dín in.

Màmá ní ohun tó fà á kò ju pé n kò bọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n ní gbogbo tòlótòló ọdún Kérésìmesì tí àwọn ti sè ní Ìbàdàn, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti ata ni àwọn kọ́kọ́ fi ń bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀, kí àwọn tó dà á sínú epo. Wọ́n tún ní n gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Aládùúgbò wa, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà, sọ pé òun kò tíì rí ẹni tó ń bọ tòlótòló Thanksgiving rí, àti pé bí ó ṣe wà ní tútù ni wọ́n ń gbé e sí ààrò. N kò fẹ́ kó ọ̀rọ̀ Màmá dànù, n kò sì fẹ́ kí ìtìjú èṣí tún bá mi. Kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ wo ni kí n gbé e kúrò nínú yìnyín, báwo ni n óò sì ṣe mọ̀ pé ó ti jinná dé eegun láìjẹ́ pé àyà rẹ̀ gbẹ?

Ìyá Ìbejì, Houston:

Ìyàwó wa, o kú ètò, o sì kú ìnáwó. Ọdún kẹtàlélógún nìyí tí mo ti ń yan tòlótòló fún ọjọ́ yìí, mo sì ti ṣe gbogbo àṣìṣe tí o kà sílẹ̀ yẹn, títí kan ti àpò inú ihò. Ìdáhùn mi ni pé kí o má ṣe bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ìwọ náà lè rí ọ̀rọ̀ bá Màmá sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí òtítọ́ ni Màmá ń sọ nípa tòlótòló tí wọ́n mọ̀.

Tòlótòló tí a ń sìn nílé, tó ń rìn káàkiri àgbàlá, tó ti lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ alásè, iṣan rẹ̀ ti le. Bí a kò bá bọ irú ẹran bẹ́ẹ̀, eyín àgbà kò lè rí i jẹ. Omi tí a fi bọ̀ ọ́ pàápàá kì í ṣòfò, nítorí inú ọbẹ̀ ni ó ń lọ, ẹran náà a sì wọ inú epo gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè pọ́n. Èyí tí o rà ní ilé ìtajà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà funfun tí àyà rẹ̀ fẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń sìn jù, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò láyé kí wọ́n tó pa wọ́n. Ẹran ọmọdé ni, ó ti rọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Gbígbẹ ni ìṣòro rẹ̀, kì í ṣe líle. Bí o bá bọ̀ ọ́, adùn rẹ̀ yóò bọ́ sínú omi, àyà rẹ̀ yóò ti jinná tán nínú ìkòkò, ìwọ yóò sì tún gbé e sínú ààrò fún wákàtí mìíràn kí awọ rẹ̀ lè pọ́n. Òwú tí o jẹ léṣìí ni ìwọ yóò tún jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ìkòkò wo ni yóò gba pọ́n-ùn 16 lódindi nínú ilé rẹ?

Ohun tó bá iṣẹ́ rẹ jẹ́ léṣìí ni yìnyín. Ọjọ́ kan kò tó. Nínú fìríìjì, odidi ọjọ́ kan tọ̀sántòru ni pọ́n-ùn mẹ́rin sí márùn-ún ń gbà kí ó tó yọ́, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin ni tìrẹ yóò gbà. Lójú rẹ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ náà, ìta rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ eegun ṣì dì. Iná ààrò ń jó awọ nígbà tí inú ń jà pẹ̀lú yìnyín. Gbé e kúrò nínú fíríṣà lálẹ́ òní. Fi í sínú abọ́ tó jìn, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí nǹkan mìíràn, sì gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fìríìjì. Yóò ti yọ́ kí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ti ọwọ́ bọ inú ihò rẹ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, nítorí ibi méjèèjì ni wọ́n lè fi nǹkan pamọ́ sí, kí o sì kó ọrùn, ìwe àti ẹ̀dọ̀ jáde. Fi bébà ìnuwọ́ nu ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, fi iyọ̀ pa á lára nínú àti lóde. Ìwọ̀n tèmi ni ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ oníhóró ńlá sí pọ́n-ùn márùn-ún, ìyẹn bí ṣíbí mẹ́ta fún tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ iyọ̀ kíkúnná tí a ń fi se ọbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti tó. Má da nǹkan bò ó. Dá a padà sínú fìríìjì títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Iyọ̀ náà yóò kọ́kọ́ fa omi jáde lára rẹ̀, omi náà yóò sì gbé iyọ̀ padà wọ inú ẹran, nígbà tí atẹ́gùn fìríìjì yóò máa gbẹ awọ rẹ̀. Awọ tó gbẹ ni ó ń pọ́n, tó sì ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu. Awọ tútù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, po bọ́tà rírọ̀ mọ́ ata gígún, ààyù, jínjà àti táìmù, kí o sì rọra ti ọwọ́ bọ abẹ́ awọ àyà rẹ̀ láti fi èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn yájì ẹran ṣúyà, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀, yóò jóná kí ẹran tó jinná. Bí o bá fẹ́ lò ó, ìdajì wákàtí tó gbẹ̀yìn ni kí o wọ́n ọn.

Bí ẹ óò bá jẹun ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ó wọ ààrò ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ìwọ̀n ooru 325. Gé àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì bu ife omi kan sínú páànù náà kí ọ̀rá tó ń kán má baà jóná, nítorí ibẹ̀ ni ọbẹ̀ ìdàsórí rẹ yóò ti wá. Nígbà tí àyà rẹ̀ bá ti pọ́n bí o ṣe fẹ́, fi fọ́ìlì bo àyà nìkan. Tòlótòló tó tó báyìí, tí a kò kó nǹkan sí nínú, sábà máa ń gba bíi wákàtí mẹ́rin, ṣùgbọ́n láti wákàtí kẹta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ó bá jáde, má ṣe fi ọ̀bẹ kàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Omi rẹ̀ ń sáré nínú ẹran nígbà náà. Bí o bá gé e, orí pákó ni gbogbo rẹ̀ yóò dà sí. Àkókò yẹn gan-an ni kí o fi ààrò gbóná makaróni àti àwọn nǹkan yòókù.

Ní ti Màmá, kó ọrùn, ìwe àti ẹ̀dọ̀ yẹn fún wọn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ọ́ ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi omi rẹ̀ se ata dídín fún ìrẹsì. Ìwọ náà mọ ẹni tí ìwe tọ́ sí nínú ilé; kí Màmá fúnra wọn pín in.

Olùtọ́jú Aláìsàn, Chicago:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo sì ti rí ohun tí ẹran tí kò jinná ń ṣe fún arúgbó àti ọmọdé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fífọ̀ àti lórí jíjinná.

Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí lára wa láti se ẹran tí a kò fọ̀. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Ṣùgbọ́n omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè pa kòkòrò àìfojúrí tó wà lára tòlótòló, àwọn bí Salmonella àti Campylobacter. Ńṣe ni omi ń ta wọ́n sí ara síǹkì, sí orí tábìlì ìdáná àti sí orí àwo tó wà nítòsí. Ní ọdún 2019, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina. Nínú àwọn tó fọ adìẹ kí wọ́n tó sè é, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá kòkòrò nínú síǹkì wọn lẹ́yìn náà. Iná ni ó ń pa wọ́n. Bí Màmá bá ní dandan ni kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan ẹran náà, ẹ fún omi rẹ̀ sórí bébà ìnuwọ́, ẹ fi nu ara rẹ̀ nínú abọ́ tó wà, ẹ sọ bébà náà nù, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Èyí tí mo ń ṣe fún ìyá mi nìyẹn, ara wọn sì ti balẹ̀ sí i.

Nípa jíjinná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Ẹran tó ti jinná lè pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, èyí tí kò jinná sì lè funfun. Ẹ ra tẹmómítà ẹran, kò wọ́n. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ gún ibi mẹ́ta: ibi tó nípọn jù ní àyà, inú itan níbi tí ó ti pàdé ara, àti ìdí apá. Kí ẹnu rẹ̀ má kan eegun, nítorí eegun ń tan tẹmómítà jẹ. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbọ́dọ̀ dé 165 Fahrenheit, ìyẹn 74 Celsius. Itan máa ń dùn sí i bí ó bá tó 175, ṣùgbọ́n àyà kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́yìn 165. Bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n máa ń kì mọ́ àyà tòlótòló mìíràn, tó ń yọrí jáde fúnra rẹ̀, kò tó láti gbára lé.

Ẹ má sì kó ìrẹsì tàbí búrẹ́dì sínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá kó nǹkan síbẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ dé 165, kí ó sì tó dé ibẹ̀, àyà yóò ti gbẹ. Bí ó bá di alẹ́ Ọjọ́rú tí ẹ ṣì kan yìnyín nínú rẹ̀, ẹ fi sínú omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá tí a dì í pa, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì kí ó sùn síbẹ̀.

Alásè Ìnáwó, Atlanta:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá mú ọ̀nà mìíràn wá, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. N kì í yan tòlótòló lódindi mọ́. Àyà àti itan kì í jinná ní àkókò kan náà, nítorí pé àyà ló ga sókè nínú ooru tí itan sì fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi sìsọ́ọ̀sì ńlá gé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo ń yí i padà, mo sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀ títí eegun yóò fi dún kà, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Itan á wá wà ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí iná ti ń tètè dé. Ní ìwọ̀n 425, èyí tó wọn pọ́n-ùn 12 sí 14 kì í sábà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, awọ rẹ̀ a sì pọ́n káríkárí. Eegun ẹ̀yìn yẹn ń lọ sínú ìkòkò fún ọbẹ̀.

Bóyá páànù yín yóò gba pọ́n-ùn 16 tí a tẹ́ pẹrẹsẹ ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọn páànù àti ààrò yín. Fún ìnáwó tó tó báyìí, méjì kékeré ni mo máa ń rà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dín in lódindi nínú agbada epo, bí àwọn ará gúúsù níbí ṣe ń ṣe, ẹ má gbà lọ́dún tí ẹ ṣì ń kọ́ yìí. Tí yìnyín díẹ̀ bá kan epo gbígbóná, epo náà yóò ru bo iná, ilé ti jó nípa bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Alásè, o ṣeun, òtítọ́ ni o sọ nípa itan. Ṣùgbọ́n ìyàwó yìí ń gba ìyá ọkọ lálejò. Kí Màmá rí tòlótòló lódindi lórí tábìlì, kí wọ́n sì gbàdúrà sí i kí ọ̀bẹ tó kàn án, ó tọ́ sí wàhálà wákàtí mẹ́rin. Kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyàwó Ilé, Maryland:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé e sínú fìríìjì lálẹ́ àná. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: mo kà á lára ọ̀rá rẹ̀ pé wọ́n ti fi omi iyọ̀ gún un, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé kí n ṣì fi ṣíbí iyọ̀ mẹ́ta pa á lára?

Ìyá Ìbejì, Houston:

Áà, o ṣeun tí o kà á. Rárá o. Wọ́n ti bá ọ fi iyọ̀ sí i. Má tún fi iyọ̀ kankan kún un, má sì fi màgí sí i, nítorí iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú màgí. Bọ́tà tí kò ní iyọ̀ ni kí o lò. Ṣùgbọ́n má fi ti fífi í sílẹ̀ láìbò nínú fìríìjì ṣeré. Awọ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gbẹ. Kí o sì tọ́ omi tó bá kán sínú páànù wò kí o tó fi se ọbẹ̀ ìdàsórí.

Ìyàwó Ilé, Maryland:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òní ni ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dilẹ̀ ni.

Ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, tẹmómítà ka 151 ní àyà. Ní aago méjì kù díẹ̀, ó dé 165 ní àyà, 178 ní itan. Mo gbé e jáde, mo fi fọ́ìlì bò ó díẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí makaróni fi jáde. Màmá dúró tì mí nígbà tí ọkọ mi fẹ́ gé e, ojú wọn kò kúrò lára oríkèé itan yẹn. Omi tó jáde mọ́ gaara. Wọ́n mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àyà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì tún na ọwọ́ sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Kò gbẹ." N kò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dára tó: omi inú páànù ti ní iyọ̀ jù bí ẹ ṣe kìlọ̀, ìdajì rẹ̀ péré ni mo sì lè lò, mo fi omi ọrùn tí Màmá bọ̀ là á. Ata dídín wọn ni ó kọ́kọ́ tán lórí tábìlì. Bàbá ọkọ mi kò sí níbẹ̀, nítorí náà ọkọ mi ni Màmá gbé ìwe fún, ó sì gé e sí méjì, ó fún mi ní ìdajì.

Mo kó ìyókù sí fìríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Ní báyìí, Màmá wà ní ilé ìdáná, wọ́n ti fọ́ eegun rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n ń fi ata rodo àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́.